Wáyà Tí Mi Ò Fà Yọ

Rewáyà ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tún iná ọkọ̀ ṣe létí títì ní Arámọ̀kọ, bóyá ni awakọ̀ kan wà lójú ọ̀nà Ìjerò tàbí ti Ẹ̀fọ̀n tí ò mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀ ló ṣe mí. Ẹni tí ò mọ̀, a lè ní kó lọ kọ́ ọ. Èmi mọ̀. Mo mọ̀ dáadáa, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá tó bí mi lọ́mọ.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni màmá mi. Bàbá mi ní tirẹ̀ wá láti ìlú kan ní Ọ̀ṣun, ó wá ń ta aṣọ ní Arámọ̀kọ, ibẹ̀ ló ti rí màmá mi fẹ́. Bàbá ti lọ bá Ọlọ́run, ọ̀dọ̀ mi ni màmá ń gbé báyìí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni asimá ti ń bá a fínra. Èéfín igi, eruku, atẹ́gùn ọyẹ́, kò sí èyí tí ò lè dì í láyà nínú wọn. Bó bá ti dé, àyà rẹ̀ á máa sú fèé, èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, ojú rẹ̀ á sì máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gbé afẹ́fẹ́ pamọ́. Ó ní oògùn alágolo kékeré tó máa ń fà sẹ́nu. Ó tún ní ẹ̀rọ kan tó ń lo iná, tó máa ń sọ oògùn olómi di ìkùukùu kó lè fà á símú. Ẹ̀rọ yẹn máa ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Láyé ọjọ́un, ariwo rẹ̀ máa ń bí mi nínú.

Ọwọ́ bàbá àgbàlagbà kan ní Ìkógòsì ni mo ti ra ilé onítáyà. Bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń pè é nìyẹn: ilé kékeré kan tó ní táyà méjì, tó ní bẹ́ẹ̀dì, fèrèsé àti fíríìjì, tí ọkọ̀ ń fà káàkiri. Bátìrì tirẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wáyà gígùn kan ló so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ń fà á, kí iná lè máa wọ inú rẹ̀ bí a bá ń lọ lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbé e, bàbá yẹn tẹ̀ ba, ó di wáyà náà mú, ó ní bí mo bá ti páàkì, kí n fà á yọ. Bí mi ò bá fẹ́ máa fà á yọ, kí n fi súwíìṣì sáàárín rẹ̀, irú èyí tó ń gé iná fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú. Ó ní láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé á máa fa bátìrì ọkọ̀ mu títí á fi gbẹ.

Inú bí mi. Ta ni bàbá yìí rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀? Kí ló fẹ́ kọ́ rewáyà nípa wáyà? Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ ṣeun bàbá, mo sì so ilé mọ́ bọ́ọ̀sì mi, mo bá tèmi lọ. Wọ́n ní ìmọ̀ràn ẹnìkan ò tó bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, tèmi tó mi. Mo ní màá fi súwíìṣì sí i lọ́la. Ọ̀la di ọ̀túnla, ó di oṣù mẹ́ta. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni mo ń fi súwíìṣì sí.

Ohun mìíràn tún wà tó fi mí lọ́kàn balẹ̀. Orí òkè ni Ẹ̀fọ̀n wà, ẹni tó bá ní ọkọ̀ níbẹ̀ kì í páàkì kí imú ọkọ̀ rẹ̀ kọjú sókè. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọ́n á fi òkúta dènà táyà. Bí bátìrì bá kọṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á yọ òkúta, ọkọ̀ á máa yí lọ, wọ́n á fi jíà sí i, wọ́n á tú kúlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á gbà. Wọ́n a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé òkè ni bátìrì àwọn. Èmi náà ti ṣe é bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n mi ò ṣe é rí pẹ̀lú ilé lẹ́yìn ọkọ̀ àti ìyá mi nínú rẹ̀.

Nínú ọyẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn, ọkọ àbúrò màmá mi kú ní Ẹ̀fọ̀n. Màmá ní òun fẹ́ lọ jókòó ti àbúrò òun títí wọ́n á fi ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Mo ní rárá. Mo ní ẹ ò rí bí ọyẹ́ yìí ṣe le ni, wọ́n á sì máa fi igi dáná fún àlejò lágbàlá látàárọ̀ dalẹ́. Kò bá mi jiyàn. Oúnjẹ ni ò jẹ mọ́. Lọ́jọ́ kejì ló wá sọ fún mi pé àbúrò kan ṣoṣo ló kù fún òun láyé. Kí ni mo fẹ́ wí sí ìyẹn? Ìgbà náà ni ọkàn mi lọ sí ilé onítáyà. Mo ní ó lè máa sun inú rẹ̀ pẹ̀lú fèrèsé ní títì, kí èéfín má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Inú mi tilẹ̀ dùn sí ara mi pé mo gbọ́n.

A gba Ìtawùrẹ́ gun òkè lọ, a dé Ẹ̀fọ̀n lọ́sàn-án. Àbúrò màmá jáde wá, ó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń fi èdè Ẹ̀fọ̀n sọ pé kó wọ ulé. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lókè ilé wọn, mo kọjú bọ́ọ̀sì sísàlẹ̀ bí ará ibẹ̀ ti ń ṣe, ilé onítáyà wà lẹ́yìn lápá òkè. Mo wá òkúta ńlá kan, mo fi dènà táyà bọ́ọ̀sì. Wáyà yẹn ń wò mí láàárín ọkọ̀ àti ilé. Mi ò fà á yọ. Mo ti gbé páálí mọ́líìtì kan sínú fíríìjì fún àwọn àlejò, mo sì gbé omi tèmi sí i, torí èmi ò lè mu omi gbígbóná. Mo fẹ́ kó tutù dáadáa.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo wọ ilé onítáyà lọ wo màmá. Ó ti tan gílóòbù méjèèjì, ó sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń so wáyà rẹ̀ mọ́ iná, kó lè wà ní sẹpẹ́. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, ẹnìkan nínú àwọn àna àbúrò màmá sì ti sọ̀rọ̀ kan tó dùn mí. Ìyẹn kì í ṣe àwáwí. Mo kàn pariwo mọ́ ọn ni.

"Màmá, ẹ má fi iná ṣòfò báyìí! Bátìrì ọkọ̀ lẹ ń jẹ yẹn. Bó bá kú, kí la fẹ́ fi gbé yín bí àyà bá dì yín?"

Ó wò mí. Ó na ọwọ́, ó pa gílóòbù kan, ó sì pa ìkejì. Ó ní ó ti yé òun. Inú òkùnkùn ló ti kí mi pé ó di àárọ̀, ó ní kí n lọ sùn sí pálọ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, torí kò yẹ kí àna máa wá mi láàárín ilé òkú. Mo lọ. Fíríìjì ń kùn bí mo ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé fíríìjì náà ń jẹ iná. Èmi! Rewáyà!

Màmá ló máa ń jí mi fún ìrun àsùbáà láti kékeré. Bí mo tilẹ̀ ti láya, tí mo ti bímọ, òun ló ṣì ń kan ilẹ̀kùn. Ní àárọ̀ yẹn, ohùn ẹni tó ń pe ìrun ló jí mi. Mo jókòó sórí ẹní, mo ń dúró kí ó kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó kàn án. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀nà ló jìn díẹ̀, pé òtútù ni, pé ó ń sùn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti ń wá sálúbàtà.

Ìta ti ń là díẹ̀díẹ̀, ọyẹ́ sì bo gbogbo òkè, mi ò rí ju bọ́ọ̀sì mi lọ. Ilé onítáyà ṣókùnkùn. Mo kan ilẹ̀kùn, mo pè é. Kò dáhùn. Mo ṣí i.

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, ó na ọrùn síwájú. Agolo oògùn rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ wà lórí itan rẹ̀, ó sì ti ká wáyà rẹ̀ mọ́ ọn lára dáadáa bó ṣe máa ń ká a bó bá fẹ́ gbé e pamọ́. Mo fi iná fóònù tàn án lójú. Ètè rẹ̀ ti dúdú bí ohun tí wọ́n rẹ láró. Mo gbé etí sí àyà rẹ̀, mi ò gbọ́ fèé kankan. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn, mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é. Dókítà ti sọ fún mi rí pé fèé kọ́ ni kí n máa bẹ̀rù. Ó ní ọjọ́ tí fèé bá dákẹ́ tí ara rẹ̀ ò sì tíì rọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ ò wọlé mọ́ nìyẹn.

Mo mú agolo nílẹ̀, mo mì í, ó ti tán. Mo tú wáyà ẹ̀rọ, mo so ó mọ́ iná. Ẹ̀rọ kérora lẹ́ẹ̀kan, ó yí díẹ̀, ó dákẹ́. Mo sáré bọ́ sínú bọ́ọ̀sì, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́. Mo tún yí i. Kẹ́, kẹ́. Iná iwájú mi pupa rúsúrúsú bí ẹyin iná tó fẹ́ kú.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ. Nínú ilé lẹ́yìn mi, fíríìjì ṣì ń kùn. Ó ń fa ìwọ̀nba tó kù. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo di wáyà yẹn mú, mo fà á yọ. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan rárá, bí ẹni já ewé ni. Mo dúró síbẹ̀ tí mo di orí rẹ̀ mú.

Àbúrò màmá ti gbọ́ ìró mi, ó jáde wá, àwọn aládùúgbò mélòó kan sì tẹ̀lé e. Ó wọ inú ilé onítáyà, ó sáré jáde. Ẹnìkan sáré lọ wo ọkọ̀ kan ṣoṣo tó tún wà ládùúgbò, wọ́n ní ẹni tó ni ín ti gbé e lọ sí Adó láti àná. Ọ̀kadà ńkọ́? Ẹni tí ò lè gbé ọrùn ró, báwo ló ṣe máa jókòó sórí ọ̀kadà nínú atẹ́gùn ọyẹ́? Òkè nìkan ló kù fún mi.

A gbé e. Kò wúwo mọ́, ìyẹn náà dẹ́rù bà mí. A gbé e jókòó sórí ìjókòó ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, àbúrò rẹ̀ gbá a mọ́ àyà kí orí rẹ̀ má bàa ṣubú. Ṣùgbọ́n ilé onítáyà ṣì so mọ́ wa lẹ́yìn. Bí mo bá fà á mọ́ra yí sísàlẹ̀ láìsí ẹ́ńjìnnì, bíréèkì ò ní lè dá méjèèjì dúró, inú kòtò la máa bá ara wa. Bí mo bá sì tú u, òkè ló wà, ọ̀dọ̀ wa ló máa yí wá, ìyá mi ló sì wà nídìí bọ́ọ̀sì tó máa kọ lù.

Mo ní kí wọ́n wá òkúta. Wọ́n kó o wá, òkúta ò wọ́n ní Ẹ̀fọ̀n. Mo fi méjì méjì há táyà ilé náà kọ̀ọ̀kan, mo fi ẹsẹ̀ gbá wọn wọlé. Mo lé gbogbo èèyàn kúrò láàárín. Mo wá tú ìkọ́ irin tó so ilé mọ́ bọ́ọ̀sì. Bí mo ṣe gbé e kúrò, ilé náà dún, ó sì yí wá síwájú ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Mo rí orí àbúrò màmá mi nínú gíláàsì ẹ̀yìn, mo rí ìborùn màmá mi. Mo fi èjìká ti ilé náà bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Ta ni mo fẹ́ dá dúró? Òkúta ló dá a dúró. Ó dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì jókòó.

Mo wọ bọ́ọ̀sì. Mo mọ ohun tí àwọn tó kù ò mọ̀. Òkè lè yí ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò lè tan iná sí púlọ́ọ̀gì. Bí ohun tó kù nínú bátìrì ò bá tó ìyẹn, a máa yí dé ìsàlẹ̀ lásán ni, a ò sì ní lè gòkè mọ́. Mo wí bísímílà. Ẹnìkan fa òkúta kúrò.

Ọkọ̀ ń lọ láìdún. Mi ò mọ̀ pé ọkọ̀ tí kò dún máa ń bani lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Mo ń gbọ́ táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́, mo sì ń gbọ́ àbúrò màmá tó ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i létí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, léraléra. Mo tú kúlọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ ta gìrì, ó wúkọ́, ó kú. Nǹkan ṣubú lẹ́yìn. Mi ò lè wẹ̀yìn. Ìsàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ọ̀nà yà sí apá òsì, ògiri ilé kan ló sì wà níwájú. Mo tẹ bíréèkì, ó le bí òkúta. Mo tún tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́ kó sáré sí i, èyí tí ẹnikẹ́ni tó lórí ò ní ṣe. Ògiri ń bọ̀. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé Ọlọ́run, èmi ni kí Ó mú, kí Ó má mú un. Mo tú kúlọ́ọ̀ṣì.

Ẹ́ńjìnnì gbà. Mo fi gbogbo ara yí sítíà, dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha ògiri, ó já bọ́. Mi ò dúró fún dígí.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Dókítà, obìnrin kan tí ò tó mi lọ́jọ́ orí, jáde wá bi mí pé kí ló dé tí a ò lo ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní bátìrì ti kú. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti ìgbà náà títí oòrùn fi wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ilẹ̀kùn bá dún, màá dìde.

Lọ́sàn-án ni wọ́n ní kí n wọlé. Ojú rẹ̀ ti là. Àyà rẹ̀ ti padà ń sú fèé, ayọ̀ fèé yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bátìrì ló kú kí ẹ tó lè lo ẹ̀rọ. Ó mi orí. Ó ní bátìrì ò tíì kú nígbà náà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ kó tó di àsùbáà tí àyà ti dì í. Ó fa agolo títí ó fi tán, ó sì gbé ẹ̀rọ. Ó wá rántí. Ó fà á díẹ̀díẹ̀ sọ, ọ̀rọ̀ méjì, kó mí, ọ̀rọ̀ méjì:

"Ìwọ lo ní bátìrì á kú. O ní kí la máa fi gbé mi. Mo ní kí n fara dà á, kí mọ́tò lè ṣáná láàárọ̀."

Mo bi í pé ṣé kò gbọ́ fíríìjì tó ń kùn ni. Ó ní òun gbọ́ ọ. Ó ní nítorí pé èmi ni mo tàn án, ó ní láti jẹ́ nǹkan tó ṣe pàtàkì. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, láìsí ìbínú nínú rẹ̀.

Ẹyin lọ̀rọ̀, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán. Nígbà tí mo padà lọ gbé ilé onítáyà lọ́jọ́ kejì, mo ṣí fíríìjì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan mọ́líìtì yẹn. Ó ṣì tutù.

Mo ti fi súwíìṣì sí wáyà náà. Mo fi sí i ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, mo sì tún ń fà á yọ bí mo bá páàkì, mo ń padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn èèyàn ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nílé, mo ra bátìrì ńlá mẹ́rin, mo gbé páńẹ́lì tó ń fa iná lára oòrùn sórí òrùlé nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ nìkan. Mo mú un lọ́wọ́, mo fi hàn án. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó lò ó nígbàkigbà, kó lò ó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó ní ó ti yé òun. Ariwo tó ń bí mi nínú láyé ọjọ́un, òun ni mo fi ń sùn báyìí. Bí mi ò bá gbọ́ ọ nínú ọyẹ́, mi ò lè pa ojú dé.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí, mo jí kí wọ́n tó pe ìrun. Ilé dákẹ́. Mo dìde, mo lọ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn, àyà rẹ̀ ń sú fèé, ẹ̀rọ wà lórí itan rẹ̀, wáyà rẹ̀ ká mọ́ ọn lára.

"Iná ìjọba ti lọ," ó ní. "Mò ń dúró kó o jí, kí n bi ọ́ bóyá mo lè lo tìẹ."